Aago Dáṣíbọọ̀dù Tí Bàbá Mi Kò Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Tú

Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ló kọ́kọ́ fi aago yẹn wọ́ mi nílẹ̀. Ní Gbàgádà ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, níbi tí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ti máa ń kó ọkọ̀ wọn jọ láti fi yangàn. Ọkọ̀ bàbá mi ni mo gbé lọ, mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn dé fìlà oòrùn, wọ́n ń fi aṣọ funfun nu ọkọ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ròyìn ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń ròyìn ọmọ tó ń ṣe dókítà lókè òkun. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀. Mo wò wọ́n, mo yínmú.

Ọ̀gbẹ́ni báńkì yìí yí ọkọ̀ mi po lẹ́ẹ̀mejì. Ó yin ọ̀dà rẹ̀, ó yin àga aláwọ rẹ̀ tí bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti orí bọ ojú fèrèsé, ó wo dáṣíbọọ̀dù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú la wà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù nígbà yẹn. Àwọn yòókù náà wá wò ó, wọ́n ní ọkọ̀ tó dáa báyìí kò yẹ kó gbé òkú aago sáyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wa ọkọ̀ mi kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pín ẹlẹ́rìndòdò.

Ó yẹ kí n sọ irú aago tí à ń wí. Ó rí roboto, ó tóbi tó ẹnu agolo mílíìkì, ojú rẹ̀ dúdú, ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó sì wà láàárín dáṣíbọọ̀dù gan-an, lókè ibi tí wọ́n ń gbọn eérú sìgá sí. Kì í dúró de kọ́kọ́rọ́. Inú bátìrì ló ti ń fa iná tààrà, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ń lọ, aago ń rìn. Bí ọkọ̀ bá wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan, aago ń rìn. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ó máa ń ká ara rẹ̀, yóò sì dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a bá jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìsìn, tí à ń dúró de bàbá mi tí kì í tètè kí èèyàn tán, ìró yẹn là ń gbọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí kò ti dún mọ́.

Bàbá mi jẹ́ píríńsípà ilé-ìwé girama, kì í sì í gbà pé nǹkan lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ife bá fọ́, ẹnì kan ló fọ́ ọ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kí a tó jẹun. Ẹni tó máa ń bá a ṣe iná ọkọ̀ nígbà náà, ríwáyà là ń pè wọ́n, jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì ní Alápẹ̀rẹ̀. Kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Òun àti bàbá mi máa ń ta dáráfù níwájú ilé wa ní Ìkòsì ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, bí ìyá mi tilẹ̀ ń ṣu ẹnu jọ, tó ń sọ pé ṣé píríńsípà kò rí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣeré ni.

Ọdún tí mo pé mẹ́tàlá, ríwáyà yìí wá tún fèrè ọkọ̀ ṣe. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ tí aago dúró. Bàbá mi ránṣẹ́ pè é. Ó wá, ó ní òun kò dé ẹ̀yìn aago rárá, pé abẹ́ ọkọ̀ níwájú ni fèrè wà. Bàbá mi bi í pé ta ló wá dé ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà náà. Ó bẹ̀ pé kí bàbá mi jẹ́ kí òun tú u, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ohun tó ṣe é yóò hàn. Bàbá mi ní ọwọ́ tó ba nǹkan jẹ́ kò ní tún kan ọkọ̀ òun mọ́ láéláé. Bí dáráfù ṣe parí nìyẹn.

Ẹlòmíràn ì bá wá ríwáyà mìíràn kó bá a tún un ṣe. Bàbá mi kọ̀. Ó fi aago náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti di ẹ̀rí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ náà ní yóò sọ pé, "Daddy, aago yín ti dúró," bàbá mi yóò sì rọra sọ ẹni tó pa á fún wọn, àdúgbò tó wà àti ìlú tó ti wá. Ó sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn onílé. Ó sọ ọ́ fún àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi náà sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó ọdún méjì, kò sí onílé kan ní Ìkòsì tó ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn mọ́. Ó fi ẹ̀bá títì sílẹ̀, ó kó wọ inú àdúgbò lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún fáànù àti áyọ́ọ̀nù ṣe.

Èmi náà sọ ọ́. Mi ò ní parọ́. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún ọ̀rẹ́ ní yunifásítì, fún ọkọ tí mo fẹ́, fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi ohùn Ìsẹ́yìn kún un, máa ṣe bí ọkùnrin náà ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn ẹ̀sín Gbàgádà yẹn, mo pinnu pé aago yóò rìn. Bàbá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tí yóò dí mi lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ríwáyà ìwòyí. Èyí tó wà ní Kétu kọ́kọ́ wo fídíò lórí fóònù kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun fi ojú tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀ kí n lè máa wo fíìmù. Mo bi í bóyá mo jọ ẹni tó ń wo fíìmù nídìí ọkọ̀. Èyí tó wà ní Mile 12 mú irin gígùn kan jáde, ó sì fẹ́ fi hú aago náà bí ẹni ń hú iṣu. Mo gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pòṣé débi pé àwọn alábàárù ọjà yíjú wò mí. Àwọn méjèèjì ló sọ ohun kan náà nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní irú ọkọ̀ yìí, Bàbá tó wà ní Alápẹ̀rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n tú, pé òun ló kọ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá àwọn níṣẹ́.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wí, mo sì bá ọ̀rọ̀ náà jà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá mo gbé ara mi lọ.

Inú kọ̀ǹtéínà kékeré kan ló wà, láàárín àwọn fáànù tí kò ní bíléèdì mọ́. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì fi rọ́bà so apá kan awò ojú rẹ̀. Kò ní kí n sọ orúkọ mi. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ Píríńsípà." Mo kí i bí a ṣe ń kí àgbà, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ mi kò dé ilẹ̀. Mo sọ ohun tí mo fẹ́, mo sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe é lóore. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ohun tó ti kọjá ti kọjá, pé àwa kò dì í sínú. Bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ó máa ń wù mí kí n fọ ẹnu mi.

Ó béèrè pé ta ló ti tú aago náà látìgbà yẹn.

Mo ní kò sẹ́nì kankan.

"Kò sẹ́nì kankan rárá? Ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú, pé bàbá mi kò gbà fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Màá ṣe é. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n Mummy yín gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ tí mo bá ń tú u. Ojú tiwọn ni mo fẹ́ kó rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Mo gbà kíákíá, torí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọjọ́ ìbí mi. Mo ti ń rí i níwájú mi bí yóò ṣe fa aago yẹn síta, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ yóò sì jẹ́rìí takò ó lójú ìyá mi. Mo ní nínú mi pé màá fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màá fi apá tó dára ránṣẹ́ sí àwọn onífìlà Gbàgádà, màá sì fi èyí tó kù pamọ́ fún ẹ̀rí.

Ìyá mi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tó ṣì ń gbé ilé bàbá mi ní Ìkòsì, ní òun kò ní bá ọkùnrin yẹn jókòó pọ̀ níbikíbi. Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ Tuesday, ó tún un sọ ní Thursday. Nígbà tí mo dé ilé láàárọ̀ Sátidé, ó ti gbé àga síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti wọ bùbá lésì, ó ti lo awò tó fi ń ka Bíbélì, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Orúnkún rẹ̀ ni kò dáa mọ́, ojú rẹ̀ ṣì mú. Ohun tí mo wá wò ni òun náà wá wò. Àwa méjèèjì ti múra ìran.

Ọkùnrin náà dé ní aago mẹ́sàn-án géérégé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ìyá mi ní kó dìde, kò wo ojú rẹ̀. Mo gbé omi fún un, ó dúpẹ́, ó gbé e sílẹ̀ lórí pèpéle láìmu ún. Ó tẹ́ àpò símẹ́ńtì kan sílẹ̀, ó to irinṣẹ́ rẹ̀ sórí rẹ̀. Mo gbé fóònù mi sókè, mo tẹ̀ ẹ́.

Orí bátìrì ló kọ́kọ́ tú, ó sì fi àkísà wé e kó má baà kan irin. Lẹ́yìn náà ló wọ iwájú ọkọ̀, ó fa àwo eérú sìgá jáde pátápátá. Ẹ̀yìn àwo náà ni ìdè onírin méjì wà, níbi tí ojú kò ti lè rí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Mo rántí onírin gígùn ti Mile 12, mo sì gbà nínú mi pé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ní nínú mi náà pé ẹni tó mọ nǹkan tú ló mọ̀ ọ́n bà jẹ́. Àwọn ìdè náà ti di ìpẹtà. Ó kán epo sí wọn, ó dúró. Kò bá wọn jà. Nígbà tí wọ́n dẹ̀, ó yọ pátákó kékeré tó bo ìsàlẹ̀, ó ti ọwọ́ òsì gba abẹ́, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ aago náà méjèèjì láti ẹ̀yìn, aago sì rọra yọ síwájú bí ìwọ̀n ìka méjì.

Ó dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ó jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé kẹ́ ẹ wò ó. Mi ò tíì fọwọ́ kan wáyà kankan."

A di ìyá mi mú títí tó fi jókòó sórí àga iwájú. Mo tan iná fóònù mi síbẹ̀, fídíò ń lọ. Wáyà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn aago náà. Dúdú wà, ti gílóòbù wà, àwọn méjèèjì dán bí ìgbà tí wọ́n kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, pupa, èyí tó ń gbé iná wá láti inú bátìrì, ni ẹnì kan ti gé láàárín tó sì tún so pọ̀. Ó so ó bí ẹni so okùn ewúrẹ́. Wáyà inú rẹ̀ ti tú kúrò lára ara wọn, wọ́n kàn ń wo ara wọn lásán. Kò fi tépù wé e bí ríwáyà ṣe ń ṣe. Òwú ló fi wé e. Òwú dúdú tó ń dán, èyí tí a fi ń kó irun, tí a wé yípo yípo, tó ti yẹ̀ díẹ̀ láàárín, tí a sì fi kókó méjì kékeré dì nípẹ̀kun.

Ìyá mi wò ó títí. Ó na ìka kan, ó fi kan kókó náà. Òun ló kọ́ mi ní kókó yẹn. Nínú ilé wa, òun ló ń kó irun mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo sì pé ọdún méjìlá ó ní kí n máa parí ìpẹ̀kun rẹ̀ fúnra mi, kókó méjì, kó má baà tú.

"Òwú wo nìyí?" Ìyá mi kò wo ẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà ti sún mọ́ fèrèsé, ó rí i, mo sì rí i pé òun náà kò mọ̀ pé ohun tí òun yóò rí nìyẹn. Ohun tó mọ̀ kò ju pé òun kọ́ lọ.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyá mi wí.

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé mo ti gbàgbé. Irọ́ ni. Mo ní rédíò kékeré kan nígbà náà tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, bàbá mi kì í sì í fẹ́ kí n gbọ́ orin nínú ilé. Inú ọkọ̀ ni mo máa ń sá lọ lọ́sàn-án tí wọ́n bá ń sùn. Bátìrì rédíò kú. Ọjọ́ tí ríwáyà wá tún fèrè ṣe, mo dúró tì í, mo ń da ìbéèrè bò ó, òun nìkan sì ni àgbàlagbà tí mo mọ̀ tí kì í sọ fún ọmọbìnrin pé kó lọ sílé ìdáná. Mo bi í pé wáyà wo ló ní iná tí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti aago. Ó fi àwọ̀ rẹ̀ hàn mí láti ìsàlẹ̀. Ní ọ̀la rẹ̀ mo na ọwọ́ mi tó tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, mo fi bíléèdì gé e, mo so ó mọ́ rédíò mi. Mo gbọ́ orin fún ọ̀sán kan péré. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, mo so ó padà, mo fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi wé e. Ó rìn fún ọjọ́ méjì ó sì kú.

Mo sì mọ̀ nígbà tí wọ́n pè é. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ń gbàdúrà kí bàbá mi má gbà. Bàbá mi kò gbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fún bí oṣù kan ara mi kò balẹ̀. Nígbà tó yá ìtàn bàbá mi dùn ju tèmi lọ, mo gba tirẹ̀, mo sì ń bá a sọ ọ́ kiri títí tí mo fi gbà á gbọ́, tí tèmi sì wọlẹ̀ sí ibi tí mi ò wò mọ́. Mo ń yínmú sí àwọn tí kò lè pààrọ̀ táyà. Èmi tí mo gé wáyà, tí mo fi orúkọ èèyàn wé e.

Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, lọ́tẹ̀ yìí orúnkún mi dé ilẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, sà. Èmi ni mo ṣe é."

Kò sọ pé kò burú. Kò sọ pé ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ó ní kí n dìde kí òun lè ríbi kọjá, ó sì wọlé lọ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi abẹ kékeré gé òwú náà kúrò, ó ká a, ó fi sí àpò àyà rẹ̀. Ó ha wáyà náà títí ó fi tàn, ó so ó bó ṣe yẹ, ó fi tépù wé e. Ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó fi orí abẹ́rẹ́ kán epo díẹ̀díẹ̀ sí i. Ó dá a padà sí ihò rẹ̀, ó de ìdè méjèèjì, ó ti àwo eérú padà, ó so orí bátìrì. Aago dún kọ́.

Ìyá mi tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹnu mi yìí ni mo fi bà yín jẹ́ kárí Ìkòsì."

"Mo gbọ́ nígbà yẹn, Mummy," ni ó wí. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mu omi tó wà lórí pèpéle, ó mu ún tán, ó sì lọ.

Ìyá mi ní kí n lọ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó jókòó ní ìpàdé onílé ọjọ́ tí bàbá mi sọ ọ́. Wọ́n ti kú tán, àfi ẹnì kan tí kò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wọn ti ta ilé. Orí fóònù ni ìpàdé onílé ti ń wáyé báyìí, láàárín àwọn tó ń jà lórí géètì àti lórí ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbó. Mo fi fídíò mi ránṣẹ́ síbẹ̀ lódindi, mo sì kọ ẹjọ́ mi sábẹ́ rẹ̀. Ẹni mẹ́ta fi àwòrán ọwọ́ àdúrà fèsì. Ẹnì kan béèrè bóyá bàbá yẹn mọ ìnfátà tún ṣe. Alága kìlọ̀ fún mi pé ojú ewé yìí kò wà fún ọ̀rọ̀ ẹbí. Mo ti dá orúkọ ọkùnrin náà padà fún àwọn tí kò mọ̀ pé ó sọnù rí. Mo pòṣé sí wọn. Kò dùn lẹ́nu mi.

Ó ku ìyàwó ríwáyà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Alápẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá, ó ń kírun aláásárì. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó látòkè délẹ̀, látorí rédíò dé orí òwú. Kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, ó béèrè bóyá aago náà ń rìn báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí i.

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó jókòó síwájú, èmi náà wọlé sí ìdí ọkọ̀. A dúró. Aago dún. Ara rẹ̀ fò díẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ní fídíò ẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ló fi tú u jáde?"

Mo mú fóònù, mo wò ó. Pẹ̀lú ìgbà tó fi dúró kí epo wọ ìdè, ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀.

Ó tún un sọ lẹ́nu, mẹ́sàn-án. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò dọ̀tí. "Látọjọ́ tá a ti kúrò lẹ́bàá títì ló ti ń sọ fún mi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, pé tí wọ́n bá lè fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo máa ń sọ pé kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní kó kàn gbà pé òun ló bà á jẹ́, kó lọ bẹ Píríńsípà, ká lè rí jẹ. Èmi náà ò gbà á gbọ́."

Mo ní kí n bá a pè é jáde. Ó di apá mi mú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ ó kọ́kọ́ kírun tán. A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, a kọjú sí ilẹ̀kùn ilé náà, à ń gbọ́ aago. A rí ọkọ rẹ̀ tó kírun tán, tó ń ká ẹní rẹ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.